Bọ́ọ̀lù Òṣùwọ̀n

Ní ọjà ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọlọ́jà àti oníbàárà ju iye owó lọ; kóńgò pẹ̀lú máa ń dá a sílẹ̀. Ọlọ́jà lè gbà láti dín owó gààrí kù, kí ó sì fi kóńgò tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú gba ohun tí ó dín náà padà. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá kan, pàápàá àwọn tí ń ra ọjà púpọ̀, fi máa ń gbé kóńgò tiwọn dání lọ sí ọjà. Kóńgò bẹ́ẹ̀ lè má tóbi ju ti ọlọ́jà lọ, ó sì lè ti di ògbólógbòó. Iyì rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ni ín mọ iye tí ó ń gbà. Bí gààrí tí ọlọ́jà pè ní kóńgò mẹ́wàá bá di mẹ́jọ ààbọ̀ nínú rẹ̀, oníbàárà ti mọ ibi tí èrú wà.

Eré bólíǹgì tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe nínú gbọ̀ngàn ní irú kóńgò bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó mọ eré náà dunjú máa ń ní bọ́ọ̀lù mẹ́ta, mẹ́rin tàbí mẹ́fà nínú àpò wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní benchmark, èyí tí ó yẹ ní pípè ní bọ́ọ̀lù òṣùwọ̀n ní èdè Yorùbá. Òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú jáde bí eré bá bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi ń mọ èyí tí ó yẹ kí wọ́n mú tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá ní in lè ní bọ́ọ̀lù mẹ́wàá kí ó má sì mọ èyí tí yóò gbé, bí ẹni tí aṣọ kún àpótí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀ ní ìta.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ẹni tí kò tíì wọ gbọ̀ngàn bólíǹgì rí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ bí ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà ti rí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà láti orí ìlà tí ẹsẹ̀ eléré kò gbọdọ̀ kọjá títí dé ibi tí igi iwájú dúró sí. Igi mẹ́wàá ni wọ́n tò sí òpin rẹ̀ ní ìrísí onígun mẹ́ta. Fífẹ̀ ọ̀nà náà jẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ 39 tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lóde òní, ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ti fi ohun àtọwọ́dá líle rọ́pò pákó, ṣùgbọ́n ìlà pákó 39 náà ṣì wà lójú rẹ̀. Ohun tí ó mú eré náà ṣòro kò hàn sí ojú rárá: òróró ni. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kan yóò rìn lórí ọ̀nà náà, yóò sì ta òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, èyí tí ó sábà máa ń tó nǹkan bí 40 ẹsẹ̀ bàtà. Nínú gbọ̀ngàn tí tọmọdé tàgbà ń lò, àárín ọ̀nà ni wọ́n máa ń ta òróró púpọ̀ sí, ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì a sì fẹ́lẹ́. Lórí òróró, bọ́ọ̀lù a máa yọ̀ lọ. Nígbà tí ó bá dé ibi gbígbẹ ni yóò tó rí ilẹ̀ dì mú, tí yóò sì yà sí apá ibi tí ọwọ́ eléré ti yí i sí. Bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tí ó bá kọjá sì ń gbé díẹ̀ lọ nínú òróró náà. Nítorí náà, ọ̀nà tí eléré bá ní agogo méje alẹ́ kọ́ ni yóò fi sílẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án.

Fún ẹni tí ń lo ọwọ́ ọ̀tún, àlàfo tí ó wà láàárín igi kìn-ín-ní àti igi kẹta ni ó ń wá. Bí bọ́ọ̀lù bá gba ibẹ̀ wọlé bí ó ti yẹ, igi mẹ́rin péré ni òun fúnra rẹ̀ yóò kàn: ìkíní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti ìkẹsàn-án. Àwọn mẹ́fà yòókù, igi ẹgbẹ́ wọn ni yóò bì wọ́n ṣubú. Ìwádìí àjọ United States Bowling Congress, tí ó ń ṣe àkóso eré náà ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé igun ìwọlé tí ó tó nǹkan bí dìgírì 6 ni ó dára jù lọ. Bọ́ọ̀lù tí ń lọ tààrà kò lè dé igun bẹ́ẹ̀. Àfi èyí tí ó bá yà. Gbogbo ìṣòro eléré kò ju pé kí ó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù yóò ti yà, nígbà tí ohun tí ń mú un yà ń yí padà láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú.

Ní ayé ìgbà tí igi lignum vitae, igi líle tí ó wúwo ju omi lọ, ni wọ́n fi ń gbẹ́ bọ́ọ̀lù, kò sí ẹni tí ó nílò òṣùwọ̀n nítorí pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò fi wé òmíràn. Bọ́ọ̀lù rọ́bà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ti ike polyester tẹ̀ lé e. Urethane dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Nígbà tí ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, reactive resin dé. Èèpo reactive resin ní àwọn ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí ń fa òróró mu, tí ó sì ń di ojú ọ̀nà mú ju gbogbo èyí tí ó ti ṣáájú lọ. Àwọn tí ń ṣe bọ́ọ̀lù tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìrísí kókó inú rẹ̀ padà, kí bọ́ọ̀lù má baà wúwo bákan náà ní gbogbo apá. Láti ìgbà náà ni ọjà ti kún. Ọdọọdún ni bọ́ọ̀lù tuntun ń jáde, tí olúkúlùkù ń ṣèlérí pé òun yóò yà ju ti èṣí lọ. Nínú ọ̀pọ̀ yìí ni wọ́n ti bí ìwúlò bọ́ọ̀lù òṣùwọ̀n, nítorí pé níbi tí ohun gbogbo bá ti ń yí, ó di dandan kí ohun kan dúró.

Obìnrin kan wà ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú, nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ lára. Ó lé ní ogún ọdún tí òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ti dá ẹgbẹ́ bólíǹgì sílẹ̀, tí wọ́n ń pàdé ní alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti kú, ọ̀kan ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, àwọn tí ó kéré sí wọn sì ti gba ipò wọn. Nígbà tí ọkọ obìnrin náà kú, àwọn ará alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹni tí ó bá rò pé igi mẹ́wàá nìkan ni ó ń lọ wó níbẹ̀ kò mọ ohun tí alẹ́ ọjọ́ náà jẹ́ fún un.

Àmì tí ó ń gbà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ẹni tí ó ti máa ń gba 165 nínú eré kan wá ń rìn gégé lórí 140, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ń ro ó títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ọdún méjì péré, ó ra bọ́ọ̀lù mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ tí ó bá mú èyí tuntun lọ, nǹkan a dára. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, a tún bàjẹ́. Ó ti ń wá ọ̀nà tí yóò fi sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Kí ó tó sọ ọ́, ó kó gbogbo bọ́ọ̀lù náà lọ sí ìsọ̀ aluhò kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa lu ihò sí bọ́ọ̀lù, kí ó sì máa tún èyí tí ó bá bàjẹ́ ṣe.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tò wọ́n sórí tábìlì, ó wò wọ́n, ó sì béèrè pé, “Èwo nínú wọn ni ẹ fi ń mọ bí ọ̀nà ti rí, mà?” Obìnrin náà nawọ́ sí èyí tí ó fi gba àmì púpọ̀ kẹ́yìn. Aluhò náà ní, “Bí èyí bá kọ̀ tí kò yà ní Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀, ṣé ọ̀nà ni kò jẹ́ kí ó yà ni, àbí ọwọ́ yín?”

Kò rí èsì fọ̀. Bí ó ti ń yí bọ́ọ̀lù padà ní gbogbo ìgbà, kò sí ohun kankan tí ó dúró fún un tí ó lè fi mọ èyí tí ó kúrò ní àyè rẹ̀. Ohun mìíràn sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò sọ jáde. Bọ́ọ̀lù tuntun a máa fún ènìyàn ní àwáwí: bí nǹkan kò bá dára, bọ́ọ̀lù ni kò mọ́ ọn lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù òṣùwọ̀n kì í fi àyè àwáwí sílẹ̀. Ó lè sọ pé òróró ti gbẹ. Ó sì lè sọ pé apá ti ń di arúgbó. Èsì kejì yìí ni ó ń bà á lẹ́rù, nítorí pé bí ó bá jẹ́ òótọ́, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìwúwo ni àríyànjiyàn àkọ́kọ́ tí òun àti aluhò náà ní. Òfin kò gba bọ́ọ̀lù tí ó bá wúwo ju 16 pọ́n-ùn lọ. Obìnrin náà ti ń ju 14 láti ọjọ́ pípẹ́. Aluhò ní kí ó sọ̀ kalẹ̀ sí 13. Ó kọ́kọ́ bínú, bí ẹni tí wọ́n ní kí ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò. Ṣùgbọ́n àlàyé ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá ọgbọ́n mu. Bọ́ọ̀lù tí ó wúwo ju agbára ẹni lọ a máa lọ́ra. Bí ó bá lọ́ra, èèpo rẹ̀ a pẹ́ lórí ilẹ̀, a yà kí ó tó yẹ, a sì ti rẹ̀ kí ó tó dé ìdí igi. Ẹni tí ó bá fẹ́ òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní èyí tí apá rẹ̀ lè jù bákan náà ní eré kìn-ín-ní àti ní eré kẹta. Ó tún sọ fún un pé 13 kò tíì lọ sísàlẹ̀ jù, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù tí kò tó 12 pọ́n-ùn, kókó tí wọ́n fi sínú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ó wà nínú àwọn tí ó wúwo.

Lẹ́yìn ìwúwo ni èèpo. Èèpo dídán, tí wọ́n fi èròjà bí àwọ̀ ìṣawùrú pò, a máa yọ̀ lọ jìnnà kí ó tó ṣẹ́rí lójijì. Èyí tí ojú rẹ̀ há bí ìdodo odó a máa di ilẹ̀ mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Méjèèjì ni ó ní ọjọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó yẹ fún wíwọn nǹkan nínú wọn. Èyí tí ó máa ń yọ̀ kò ní jẹ́ kí eléré mọ̀ pé òróró pọ̀. Èyí tí ó máa ń dì kò ní jẹ́ kí ó mọ̀ pé òróró ti gbẹ. Èyí tí aluhò yàn fún un jẹ́ reactive resin tí kò ní dídán kankan nínú, tí wọ́n fi sáńpépà oníwọ̀n 3000 fá ojú rẹ̀ dé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Irú rẹ̀ ni Phaze II ti ilé iṣẹ́ Storm, èyí tí ọ̀pọ̀ eléré ti fi ṣe òṣùwọ̀n.

Kókó inú bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ ní àṣejù pẹ̀lú. Òǹkà méjì ni àwọn tí ń ṣe bọ́ọ̀lù fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀. Èkíní, tí wọ́n ń pè ní RG, ń sọ bí ìwúwo ti sún mọ́ àárín tó. Òfin fi í sáàárín 2.46 sí 2.80 ínǹṣì. Bí ó bá kéré, bọ́ọ̀lù a tètè yí. Bí ó bá pọ̀, a pẹ́ kí ó tó yí. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní differential, ń sọ bí ìyàtọ̀ ti tó láàárín ọ̀nà tí ó gùn jù àti èyí tí ó kúrú jù tí kókó náà lè gbà yí. Òfin kò gbà kí ó ju 0.060 lọ. Bí èyí bá pọ̀, bọ́ọ̀lù a máa yí orí padà bí ó ti ń lọ, a sì máa fi ibi tuntun lára èèpo rẹ̀ kan ilẹ̀ ní ìgbà gbogbo. Fún òṣùwọ̀n, kókó tí ìrísí rẹ̀ dọ́gba, tí òǹkà rẹ̀ kò sì sún mọ́ ààlà òfin, ni ó dára, nítorí pé irú bẹ́ẹ̀ kì í dá ìwà tí ẹnikẹ́ni kò retí.

Títí di ibí yìí, owó lè rà á. Lílu ihò ni owó nìkan kò lè rà, nítorí pé kò sí ihò nínú bọ́ọ̀lù tuntun, kò sì sí ọwọ́ méjì tí ó rí bákan náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè; ìka ọwọ́ kan náà pàápàá kò dọ́gba. Aluhò wọn ọwọ́ obìnrin náà láti ìdí àtàǹpàkò dé oríkèé àkọ́kọ́ ìka àárín, lẹ́yìn náà dé oríkèé àkọ́kọ́ ìka òrùka, nítorí pé gígùn méjèèjì kì í sábà bára mu. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó lè mọ bí ihò yóò ti dagun tó. Ìgbà náà ni ó tó rí ohun tí ó wà nínú àwọn bọ́ọ̀lù mẹ́rin àtijọ́: àlàfo tí ó wà láàárín ihò àtàǹpàkò àti ti ìka gùn jù, ihò àtàǹpàkò sì ti tóbi jù, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti rù ju bí ó ti wà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọn ọ́n. Láti ọdún wọ̀nyí ni ó ti ń fún bọ́ọ̀lù mọ́wọ́ kí ó má baà já bọ́. Fífún náà ni ó ń fa ìrora ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Òun náà ni kì í jẹ́ kí àtàǹpàkò tètè jáde, tí bọ́ọ̀lù fi ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ má fún un, mà,” ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí nígbà tí ihò tuntun ti parí, tí obìnrin náà sì na apá rẹ̀ sísàlẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù náà. “Ẹ jẹ́ kí ó fi ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́.”

“Kò ní já bọ́ lù mí lẹ́sẹ̀, ọmọ mi?”

“Bí ó bá já bọ́, iṣẹ́ tèmi ni kò dára.”

Kò já bọ́. Aluhò fún un ní téèpù kéékèèké tí yóò máa lẹ̀ mọ́ inú ihò àtàǹpàkò, nítorí pé ọwọ́ a máa wú, a sì máa fọn láàárín wákàtí méjì. Bí ihò bá há, kí ó yọ ọ̀kan. Bí ó bá tú, kí ó fi ọ̀kan kún un.

Ibi tí wọ́n lu ihò sí lára bọ́ọ̀lù ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ eléré, ibi kan wà lára rẹ̀ tí ó dà bí orí òrán, tí gbogbo ìyókù ń yí i ká. Ibẹ̀ yàtọ̀ láti ọwọ́ kan sí òmíràn, aluhò sì ní láti wo bí bọ́ọ̀lù ti ń yí kí ó tó lè rí i. Àmì aláwọ̀ kékeré kan tún wà lára bọ́ọ̀lù tuntun tí ń fi ibi tí orí kókó wà hàn. Jíjìnnà àmì yìí sí ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń yí ni ó ń pinnu bí bọ́ọ̀lù yóò ti yí orí padà tó: ní nǹkan bí ínǹṣì 3 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ni ó ti ń pọ̀ jù lọ. Mo Pinel, ẹni tí ó kú ní ọdún 2021, ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ ètò tí ọ̀pọ̀ aluhò ń lò láti fi ìwọ̀n àti igun kọ èyí sílẹ̀. Fún òṣùwọ̀n, aluhò obìnrin náà lo ínǹṣì 4 ààbọ̀, ó sì gbé àmì náà sókè ìka òrùka. Kò wá èyí tí ó pọ̀ jù, kò sì wá èyí tí ó kéré jù.

Ó fara balẹ̀ wọn ọ́n nítorí ìdí kan tí òfin dá sílẹ̀. Títí di ọdún 2020, aluhò lè lu ihò kan sí i tí ìka kankan kò ní wọ̀, láti fi tún ìwà bọ́ọ̀lù ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti rí àṣìṣe. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni United States Bowling Congress ti fòfin dè é: kò gbọdọ̀ sí ihò tí ìka kì í wọ̀. Ó ṣeé ṣe láti dí ihò kí wọ́n sì tún un lù, ṣùgbọ́n owó ni, àkókò sì ni. Nítorí náà, ìṣọ́ra tí ó ṣáájú ẹ̀rọ ìluhò ti wá níyì ju àtúnṣe tí ó tẹ̀ lé e lọ.

Àdéhùn tí aluhò náà bá obìnrin yìí ṣe ni pé kò gbọdọ̀ lo bọ́ọ̀lù mìíràn fún Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin, àfi bọ́ọ̀lù ike tí ń lọ tààrà, èyí tí ó fi ń wó igi kan ṣoṣo tí ó bá ṣẹ́kù. Kí ó ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́, kí ó máa kọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí, pákó tí ojú rẹ̀ wò, ibi tí bọ́ọ̀lù ti yà, àti igi tí ó kù nílẹ̀. Kí ó má wo àmì.

Àmì Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ kéré ju gbogbo èyí tí ó ti gbà rí ní ọdún náà lọ. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, ìwé kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Nínú eré kìn-ín-ní, bọ́ọ̀lù ń dé ibi tí ó yẹ. Láàárín eré kejì, ó ń kọjá sí apá òsì igi iwájú, ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ kò sì kúrò níbi tí wọ́n wà. Ọ̀nà ni ó ń gbẹ. Láyé àtijọ́, bọ́ọ̀lù mìíràn ni ì bá sáré mú. Ní báyìí, ó sún ẹsẹ̀ rẹ̀ sí òsì ní pákó méjì, ó wá òróró tí ó ṣẹ́kù, bọ́ọ̀lù náà sì padà sí àyè rẹ̀. Àwọn ìgbà mìíràn wà tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí apá ọ̀tún láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára ọ̀nà. Ìyẹn jẹ́ ti ọwọ́ rẹ̀: ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún un.

Bọ́ọ̀lù náà sọ òmíràn fún un tí kò dùn ún gbọ́. Apá rẹ̀ kò yára mọ́ bí ti ogún ọdún sẹ́yìn, kò sì sí ihò tí ẹnikẹ́ni lè lù tí yóò dá ìyẹn padà. Ohun tí ó yà á lẹ́nu ni pé òtítọ́ yìí, tí ó ti ń fi owó bọ́ọ̀lù mẹ́rin sá fún, kò lé e kúrò nínú eré. Ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó dúró sí ibi tí ó bá a mu lórí ọ̀nà, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì sinmi. Àmì rẹ̀ gòkè díẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà dé 165. Ó fi méjì nínú àwọn bọ́ọ̀lù àtijọ́ ta àwọn ọ̀dọ́ kan lọ́rẹ, kí wọ́n lọ dí ihò wọn kí wọ́n sì lù wọ́n fún ọwọ́ tiwọn. Ìgbà yìí ni ó tó mọ ìdí tí ó fi yẹ kí òun tọ́jú ọ̀kan tí ń dán fún ìgbà tí òróró bá gbẹ, àti ọ̀kan tí ń dì fún ìgbà tí ó bá pọ̀. Wọ́n di irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó ti ní ohun tí yóò máa fi wọ̀n wọ́n.

Ẹni tí ó bá ti ní òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Òróró tí èèpo reactive resin ń mu kì í jáde fúnra rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ níbi tí ó ti ń yà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ pàápàá ń fá ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí èyí tí wọ́n fi sáńpépà 3000 ṣe yóò fi di dídán. Kò sí ẹni tí ó fi òòlù lu ìdí kóńgò náà wọnú. Lílò ni ó lù ú. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí eléré fi aṣọ nu bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá padà sí i lọ́wọ́, kí ó máa ka iye eré tí ó ti fi ṣe, kí ó sì gbé e lọ fún aluhò láti tún ojú rẹ̀ fá. Nǹkan bí 60 eré ni ọ̀pọ̀ aluhò máa ń dá lámọ̀ràn. Ẹni tí kò bá ṣe èyí yóò máa bá ọ̀nà jà lórí ẹ̀sùn tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ̀bi.

Nínú àwọn mẹ́rin tí ń pàdé ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, obìnrin Ìjẹ̀bú yìí kọ́ ni ó ń gba àmì tí ó pọ̀ jù lọ mọ́. Ọmọ Ìbàdàn kan tí ó kéré sí i ni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń jẹ́ kí ó kọ́kọ́ jù. Bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ti dé ìdí igi, ọmọ Ìbàdàn yìí a yíjú sí i, a sì béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ọ̀nà ti rí lónìí?” A sọ fún un. Ìgbà náà ni àwọn yòókù tó ń ṣí àpò wọn.